Táìlì ti yí padà, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ náà gbọ́dọ̀ yí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí kò jìnnà rárá sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké nílùú Ìbàdàn. Wọ́n á tiraka, wọ́n á kówó jọ, wọ́n á ra táìlì aláràbarà tó ń dán gbinrin sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti dórí ohun tó máa di táìlì náà mú mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni ń ná ata lọ́jà. Kí ọdún tó yípo, táìlì á ti máa gbéra nílẹ̀, á máa dún bí agolo òfìfo lábẹ́ bàtà oníbàárà, ẹni tó kówó lé e á sì máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Àdúgbò Onírèké jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Àdúgbò yìí, tó wà nítòsí Dùgbẹ̀ àti Jẹ́ríkò, wà lára ibi tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi ṣe ibùgbé nígbà tí ìjọba wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ló sì ti pẹ́. Ní báyìí, ilé gbígbé ń di ilé iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀: ọ̀kan á di ilé ìwòsàn, òmíràn á di ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, òmíràn á di ilé oúnjẹ tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun. Ẹni tó bá gba irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá ilẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pupa tí wọ́n ti fi pólíìṣì kùn fún ọ̀pọ̀ ọdún títí tó fi ń dán bíi dígí, tàbí ilẹ̀ tẹ̀ráásò. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kóun fi táìlì bò ó. Ìyẹn ò burú. Ibi tọ́rọ̀ ti ń wọ́ ni pé táìlì ńlá òde òní tí kì í mu omi ni wọ́n máa ń gbé lé ilẹ̀ àtijọ́ tí òun náà kì í mu omi, wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì lásán sáàárín àwọn méjèèjì pé kó so wọ́n pọ̀. Níbo ni sìmẹ́ńtì náà fẹ́ rí dì mú?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé owó gọ́ọ̀mù kọ́ ló yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ bèèrè. Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣáájú owó. Irú táìlì wo ni? Irú ilẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ gbé e lé? Kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe lórí ẹ̀? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ gọ́ọ̀mù tó yẹ kó rà. Ẹni tí kò bá bèèrè, ìgbà tó bá ń fọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni yóò tó gbọ́ ìdáhùn, àgbọ́mọ̀-ọ́n-gbọ́ sì ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́.

Àwọn kan wà nínú àwọn oníṣẹ́ táìlì tí wọ́n máa ń ta ko ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní sìmẹ́ńtì lásán làwọn ọ̀gá àwọn fi kọ́ àwọn níṣẹ́, pé ilé tí àwọn ọ̀gá náà lẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀ digbí, táìlì kan ò yẹ̀. Wọn ò parọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé táìlì ayé ìgbà yẹn kọ́ ló kún ọjà báyìí. Táìlì ìgbà yẹn kéré, amọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ sì máa ń mu omi gan-an. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á da yanrìn tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ kó nípọn, wọ́n á wá tẹ táìlì mọ́ ọn nígbà tó ṣì tutù. Omi sìmẹ́ńtì á wọ inú àwọn ihò tíntìntín tó wà lẹ́yìn táìlì, á le síbẹ̀, á sì dà bí gbòǹgbò igi tó wọlẹ̀ lọ. Ohun tó di táìlì náà mú títí dòní nìyẹn.

Táìlì tí wọ́n ń pè ní porcelain kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sì sun ún nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí ara ẹ̀ fi dì bíi dígí. Ìlànà àgbáyé ISO 13006 sọ pé táìlì tí wọ́n bá pè ní porcelain kò gbọ́dọ̀ mu omi tó ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ. Táìlì amọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ní tiẹ̀, lè mu ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni dáadáa, ká ní táìlì méjì wà nílẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kìlógíráàmù mẹ́jọ. Èyí tó jẹ́ porcelain kò lè mu ju omi síbí ìjẹun mẹ́ta lọ. Èyí tó jẹ́ ti amọ̀ lè mu ju omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ààbọ̀ lọ. Nǹkan méjì tí wọ́n yàtọ̀ síra wọn tó báyìí, wọn ò lè jọ jẹ oògùn kan náà.

Porcelain yìí kì í sì í ṣe ọjà àwọn olówó nìkan mọ́. Kì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan ló ti ń wá. Ilé iṣẹ́ CDK ń ṣe é ní Ṣàgámù níbí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Láti Ring Road dé Challenge, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta táìlì pọ̀ lójú ọ̀nà, èyí tó sì máa ń wu oníbàárà jù ni táìlì gbàràmù-gbaramu tó jẹ́ 60 báì 60, tàbí èyí tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táìlì ti yí padà láàárín ọdún díẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lẹ̀ ẹ́ ni kò yí.

Àwọn ìlú mìíràn ti bá irú ìṣòro yìí pàdé ṣáájú, wọ́n sì wá ojútùú sí i. Ní ọdún 1956, ẹlẹ́rọ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, Henry Rothberg, dá ilé iṣẹ́ Laticrete sílẹ̀ láti máa ta ohun tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì táìlì, èyí tó jẹ́ rọ́bà olómi. Rọ́bà yìí ń jẹ́ kí sìmẹ́ńtì lè di ohun tí kò ní ihò mú, bí kò tilẹ̀ nípọn. Orí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù inú àpò tó wà lọ́jà lónìí dúró lé. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn kúnná ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún fi èròjà méjì sí i. Ọ̀kan ń gba omi dúró kí sìmẹ́ńtì má baà gbẹ kó tó le. Èkejì jẹ́ ìyẹ̀fun kan tó ń ṣe iṣẹ́ rọ́bà, òun ló ń fún un lágbára láti lẹ̀ mọ́ nǹkan tó ń dán. Ẹni tó bá ń wo àpò náà tó ń sọ pé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi owó lé lórí ni, kò tíì mọ ohun tó ń rà.

Lára àpò ojúlówó gọ́ọ̀mù, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan máa ń wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Ìlànà àgbáyé ISO 13007 ló ṣètò wọn. Lẹ́tà C dúró fún gọ́ọ̀mù tó jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. C1 wà fún iṣẹ́ tí kò le, C2 wà fún iṣẹ́ tó le. Ìyàtọ̀ àárín wọn kì í ṣe ti ẹnu lásán. Lórí ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó lọ, C1 gbọ́dọ̀ lè gba ìfà tó tó ìwọ̀n kìlógíráàmù márùn-ún kó tó já, C2 sì gbọ́dọ̀ gba ti kìlógíráàmù mẹ́wàá. Bí wọ́n bá kọ T mọ́ ọn, ó túmọ̀ sí pé táìlì kò ní máa yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri. E túmọ̀ sí pé ó lè pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ojú ẹ̀ tó gbẹ. F ni èyí tó ń tètè le. S1 àti S2 ni àwọn tó lè tẹ̀ díẹ̀ láìkán, S2 sì ju S1 lọ. Ohun gbogbo tí oníṣòwò nílò láti mọ̀ lórí yíyan gọ́ọ̀mù wà nínú lẹ́tà mélòó kan yìí.

Báwo ni wọ́n á ṣe wá lò ó? Bó bá jẹ́ táìlì amọ̀ kékeré tó ń mu omi ni, tí ilẹ̀ sì jẹ́ sìmẹ́ńtì tuntun tí ara ẹ̀ rí hárahàra, tí yàrá náà kì í rí omi, C1 ti tó. Kódà, oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ lè fi yanrìn àti sìmẹ́ńtì ṣe é bíi tàtijọ́, kò sì ní sí wàhálà. Kò sídìí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ náwó C2 sórí ohun tí C1 lè ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ porcelain 60 báì 60 ni, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹsẹ̀ ò ti ní dá, C2 ló kéré jù. Nínú ooru Ìbàdàn, èyí tí wọ́n bá kọ E mọ́ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gọ́ọ̀mù máa ń tètè gbẹ lójú nígbà tí oòrùn bá mú.

Ti ilẹ̀ àtijọ́ bíi ti Onírèké yẹn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ táìlì lé tẹ̀ráásò tàbí sìmẹ́ńtì pupa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ gbogbo pólíìṣì àti epo kúrò lára ẹ̀, kó fi ṣísù tàbí ẹ̀rọ ṣá a títí ara ẹ̀ á fi rí hárahàra, kó sì gbá eruku ẹ̀ kúrò pátápátá. Ibi tó bá ti ń dún bí òfìfo nínú ilẹ̀ àtijọ́ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ hú u jáde, torí táìlì kò lè dúró lórí ohun tí òun fúnra ẹ̀ ò dúró. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń pè ní primer kun ilẹ̀, tí wọ́n á wá lo C2 tó ní S1 lára. Ohun kan náà ló yẹ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ń pa, àti fún ilẹ̀ òkè ilé alájà tó máa ń mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ibi tó ń rí omi lójoojúmọ́, bíi bálùwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, ibi tí wọ́n ti ń fọ irun, tàbí ilé ìdáná, C2 náà ni, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù nìkan ò tó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé táìlì máa ń dí omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi máa ń gba àárín táìlì kọjá, ó sì máa ń gba inú gọ́ọ̀mù kọjá pẹ̀lú. Ohun tó ń dí omi ni kẹ́míkà tí wọ́n ń kùn sílẹ̀ kí táìlì tó dé orí ẹ̀. Ibi tí epo gbígbóná tàbí ásíìdì bá ti ń ya sílẹ̀ ní tiẹ̀ nílò gọ́ọ̀mù epoxy, èyí tí kò ní sìmẹ́ńtì nínú rárá. Ó wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rọ́pò ẹ̀ níbẹ̀.

Méjì wà tó yẹ kí oníṣòwò sá fún. Àkọ́kọ́ ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti pò sínú ike láti ilé iṣẹ́ wá. Ti ògiri ni púpọ̀ nínú wọn wà fún. Afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ẹ́, bí porcelain ńlá bá sì ti bò ó mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ríbi wọlé, gọ́ọ̀mù náà á sì wà níbẹ̀ ní tútù fún ọjọ́ pípẹ́. Èkejì ni gọ́ọ̀mù funfun olómi tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ igi, tí àwọn kan máa ń dà sínú sìmẹ́ńtì pé kó lè lágbára. Tó bá gbẹ tán, tí omi tún kàn án, ńṣe ló máa ń rọ̀ padà. Nílùú tí òjò ń rọ̀ bíi ti Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ń fi omi nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, èyí kì í ṣe ọgbọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe ní kàyéfì pé táìlì tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún méjì láìmì ṣàdédé gbéra lóru ọjọ́ kan, tó sì dún gbàmù bí ìgbà tí wọ́n yìnbọn. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ooru àti òtútù ló ń fà á. Táìlì àti kọnkéré tó wà lábẹ́ ẹ̀ kì í fẹ̀, wọn kì í sì í sún kì, ní ìwọ̀n kan náà, kọnkéré tuntun sì máa ń sún kì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lásìkò ọyẹ́, tí ọ̀sán bá gbóná tí òru sì tutù, ìfàgàgbága yìí á pọ̀ sí i. Ibi tí gọ́ọ̀mù ò bá ti lágbára ni táìlì á ti kọ́kọ́ já. Ní Singapore, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣàdédé tutù ní oṣù kìíní ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbé ilé ìjọba ló jí bá táìlì wọn tó ti gbéra. Singapore kò ní ọyẹ́, òtútù ibẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí oníṣẹ́ fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín táìlì àti ògiri yíká, kó má ṣe da sìmẹ́ńtì dí i. Nínú yàrá tó bá gùn, kó tún fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́fà sí méje síra wọn, kó fi ohun tó rọ̀ bíi rọ́bà dí i. Níbi tí oòrùn ń pa, wọ́n gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí gọ́ọ̀mù bá dára tó, ọwọ́ tí kò dáa lè bà á jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń bu gọ́ọ̀mù bí ẹni bu ẹ̀kọ, wọ́n á fi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín táìlì, wọ́n á wá gbé e kalẹ̀. Ó máa ń yá, gọ́ọ̀mù kì í sì í tètè tán. Ṣùgbọ́n àárín àwọn òkìtì márùn-ún náà ti di ihò, ẹsẹ̀ fíríìsà kan ṣoṣo sì tó láti fọ́ táìlì níbẹ̀. Tíráwẹ́ẹ̀lì eléyín ló yẹ kí wọ́n fi tẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi díẹ̀ ra ẹ̀yìn táìlì ńlá pẹ̀lú. Àwọn ìlànà iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kan ó kéré tán ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀yìn táìlì nínú yàrá gbígbẹ, níbi tó ń rí omi àti níta gbangba sì rèé, ìdá márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún ni. Ọ̀nà láti mọ̀ kò le: kí wọ́n gbé táìlì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ padà sókè, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀. Bí funfun bá pọ̀ ju gọ́ọ̀mù lọ níbẹ̀, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ tí ìka ò bá lẹ̀ mọ́ mọ́, kíkó ni kí wọ́n kó o dànù. Fífi omi wọ́n ọn kì í jí i dìde.

Àwọn tó ń sọ pé owó ò sí ní láti gbọ́ ìṣirò yìí. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan gùn ní mítà mẹ́jọ, tó sì fẹ̀ ní mítà márùn-ún. Páálí táìlì 60 báì 60 sábà máa ń ní ẹyọ mẹ́rin nínú. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda ìdá mẹ́wàá fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé, páálí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ṣọ́ọ̀bù náà máa gbà. Àpò gọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀kìlógíráàmù ogún ńkọ́? Nǹkan bí àpò mẹ́wàá ni. Nítorí náà, gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín gọ́ọ̀mù tó yẹ àti èyí tí kò yẹ, orí àpò mẹ́wàá péré ló wà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣí, páálí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lọ, torí táìlì tí wọ́n hú kì í ṣe é lò padà. Owó oníṣẹ́ di méjì. Owó àwọn tó máa fọ́ ọ, owó ọkọ̀ tó máa kó pàǹtírí, owó gọ́ọ̀mù tuntun, gbogbo ẹ̀ á tún jáde. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì tún ń bẹ níbẹ̀, àti oníbàárà tó ti rọ́nà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan àwọn tó ń gba ilé lò ju àwọn onílé lọ. Ayálégbé tó lẹ táìlì sí ṣọ́ọ̀bù kò lè gbé e lọ bí ọjọ́ ẹ̀ bá pé. Èrè kan ṣoṣo tó lè rí lórí ẹ̀ ni àwọn ọdún tó fi ń ta ọjà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, ó ti fi owó ara ẹ̀ tún ilé onílé ṣe, kò sì rí i lò. Ìkánjú tún máa ń ba ti ayálégbé jẹ́. Nítorí pé owó ilé ti ń ká, á fẹ́ ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Kọnkéré tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tuntun nílò nǹkan bí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó lẹ táìlì lé e. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán, gọ́ọ̀mù tí kì í ṣe F sábà máa ń fẹ́ odindi ọjọ́ kan kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń fẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbé ẹrù wúwo lé e. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó ra F, kó sì mọ̀ pé ọwọ́ oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ yá sí i.

Ní ọdún 2014, SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà nílẹ̀ yìí, kéde pé sìmẹ́ńtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 wà fún búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré, 52.5 sì wà fún afárá. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi kọ́ àwọn èèyàn ni pé sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tiẹ̀. Bí sìmẹ́ńtì bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gọ́ọ̀mù táìlì yóò fi yàtọ̀? Ẹni tó bá ń rà á ní láti wá àmì MANCAP ti SON lára àpò èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí. Kó wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Kó sì fọwọ́ kàn án: bó bá ti dì bí òkúta nínú àpò, omi ti débẹ̀, kò wúlò mọ́.

Àwọn tó ń ta táìlì gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ jù. Oníbàárà tí táìlì ẹ̀ gbéra kì í sọ pé gọ́ọ̀mù ni kò dáa, ohun tó máa ń sọ fún gbogbo àdúgbò ni pé táìlì tóun rà nísọ̀ lágbájá ló bàjẹ́. Bí olùtajà bá kó gọ́ọ̀mù tó yẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táìlì, tó sì bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn kó tó gbowó, ọjà méjì ló tà, ó sì tún dáàbò bo orúkọ ara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣẹ́ táìlì. Èyí tó bá kọ owó gọ́ọ̀mù sọ́tọ̀, tó kọ owó iṣẹ́ sọ́tọ̀, tó sì ṣàlàyé ìdí tó fi mú C2, lè má rí iṣẹ́ gbogbo ẹni tó wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá gbé iṣẹ́ fún un ni yóò máa júwe ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àwọn oníbàárà tó ti jẹ ẹ́ rí kì í sì í gbàgbé.

Síbẹ̀, ẹni tó ni owó ló ni ìpinnu. Bí ilẹ̀ bá bàjẹ́, ẹni tó ta táìlì á ní táìlì òun ò lábùkù, ẹni tó ta gọ́ọ̀mù á ní wọn ò pò ó bó ṣe yẹ, oníṣẹ́ á ní ohun tí wọ́n rà fóun lòun lò. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, àjọ FCCPC ló sì ń mójú tó o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbèjà ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Nítorí náà, kí orúkọ gọ́ọ̀mù àti lẹ́tà ara àpò ẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú oníṣẹ́. Kí rìsíìtì wà nípamọ́, kí àpò òfìfo kan sì wà pẹ̀lú ẹ̀. Kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó iṣẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n máa fi kọ́ìnì tàbí ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan gbogbo táìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún ṣíṣù ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó bá dún bí agolo, kí oníṣẹ́ hú u kó tó gba ìyókù owó ẹ̀.

Oníṣòwò tó ń múra àtiṣí ilé oúnjẹ tàbí ibi ìṣerun ní Onírèké, ní Bódìjà tàbí níbikíbi, ti ní ohun tó pọ̀ láti náwó lé lórí: owó ilé, owó iná, jẹnẹrétọ̀, ọjà tó máa kó síbẹ̀. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó san owó ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó san kọ́bọ̀ lórí táìlì, kó wo ẹ̀yìn ẹ̀, kó wo ilẹ̀ tó fẹ́ gbé e lé, kó ro iṣẹ́ tó fẹ́ máa ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó wá bèèrè iye tí wọ́n ń ta gọ́ọ̀mù.